Ta Ni Ìyàwó Káínì? Àti Àwọn Ìbéèrè Mìíràn Tí Ìwé Mímọ́ Kò Tú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún 10 kan bi mí pé níbo ni Káínì ti rí ìyàwó fẹ́. Mo ní yóò yé e tó bá dàgbà, kò gbà. Kí ni kí n sọ? (Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 4 àti 5, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a ya ohun tí a kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a lè fà yọ nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹnu èèyàn fi kún un.

Ohun tí a kọ kò pọ̀. Orí 4 ẹsẹ 16 ní Káínì lọ gbé ilẹ̀ Nódì. Ẹsẹ 17 ní ó mọ aya rẹ̀, aya náà sì bí Énọ́kù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà: wọ́n rò pé Nódì ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé obìnrin náà. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì, kí ọkùnrin mọ aya rẹ̀ ni kí wọ́n jọ sùn. Ó lè jẹ́ pé ilé ló ti mú un dání. Orí 5 ẹsẹ 4 ní Ádámù bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, kò dárúkọ wọn.

Nítorí pé orí 3 ẹsẹ 20 pe Éfà ní ìyá gbogbo alààyè, ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ àtijọ́, Augustine bíṣọ́ọ̀bù Hippo pẹ̀lú, gbà pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fẹ́. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ pé Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ sì múra de ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Ṣé èèyàn lè fẹ́ àbúrò rẹ̀ ni?" Léfítíkù 18:9 ló kà á léèwọ̀, ìgbà Mósè sì nìyẹn. Ábúráhámù pàápàá, ọmọ baba rẹ̀ ni Sárà (Jẹ́nẹ́sísì 20:12).

Ti orúkọ ńkọ́? Ìwé Jubilees, ìwé àwọn Júù àtijọ́, pe obìnrin náà ní Awan. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Etiópíà kà á mọ́ Ìwé Mímọ́. Kò sí nínú Bíbélì Yorùbá. Bí ẹ bá dárúkọ Awan láìsọ ibi tó ti wá, ọmọ náà yóò wá a tì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun mìíràn tí ẹ kọ́ ọ.

"Yóò yé ọ tó o bá dàgbà" kò dára, torí àgbà gan-an kò mọ̀ ọ́n. Augustine sọ nípa ẹni tí wọ́n bi pé kí ni Ọlọ́run ń ṣe kó tó dá ayé, tó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé Ó ń pèsè ọ̀run àpáàdì sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọpinpin ohun ìjìnlẹ̀. Augustine ní òun kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun sọ pé òun kò mọ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ kéú wa ń jà lórí àwọ̀ ajá àwọn ará inú ihò àpáta, àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tí Al-Kùránì ní wọ́n sùn sínú ihò fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ẹ kà áyà (ẹsẹ) 22 nínú Súrà Al-Kahf fún wọn. Àwọn kan ní mẹ́ta ni wọ́n, ajá ṣe ìkẹrin; àwọn kan ní márùn-ún, ajá ṣe ìkẹfà: Al-Kùránì ní òkò ni wọ́n ń sọ sínú òkùnkùn. Àwọn mìíràn ní méje, ajá ṣe ìkẹjọ. Kò sọ ti òkò sí èyí, ohun tí àwọn onímọ̀ kan fi fà á yọ nìyẹn pé méje ni wọ́n. Síbẹ̀ áyà náà ní Olúwa ló mọ iye wọn jù. Ní ti àwọ̀, Ibn Kathir, onímọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ Al-Kùránì, ní iyàn rẹ̀ kò lérè, kò sì ní ẹ̀rí. Ohun tí a sọ nípa ajá náà wà ní áyà 18: ó na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ́ wọn níyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ márùn-ún ló fẹ́ ṣe amòye nínú eré Kérésìmesì wa. Ṣé mẹ́ta péré kọ́ ni? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Kí gbogbo wọn ṣe é. Mátíù orí 2 kò sọ iye wọn. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta, wúrà, tùràrí àti òjíá. Ṣùgbọ́n ẹ má kó wọn lọ sí ìdí ibùjẹ ẹran, nítorí ẹsẹ 11 ní ilé ni wọ́n wọ̀.