Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Epo Rọ̀bì Tó Jìn Lábẹ́ Ilẹ̀ Lè Ba Omi Kànga Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra omi mu. Mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kí wọ́n padà máa wa epo ní ilẹ̀ Ògóni, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹnìkan sọ fún mi pé epo wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, omi kànga sì wà lókè, nítorí náà ọ̀kan kò lè kan èkejì. Ṣé òótọ́ ni? Bí epo bá sì ti wọ omi, ṣé a kò lè sè é kí a tó mu ún?
Òǹkàwé yín, Igbókòdá.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹni náà sọ nípa bí epo ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ewu náà ti sábà máa ń wá. Kí epo tó dé inú ọkọ̀ òkun, ó gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀pá kọjá lára oko àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà ti gbó, àwọn olè sì máa ń lu òmíràn. Ibi tí ọ̀pá bá ti jò, òkè ni epo ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá omi. Ní Ògóni, kò sí ipele amọ̀ kan tó tẹ́ láìdá lábẹ́ ilẹ̀ tí ì bá dá epo dúró, nítorí náà ńṣe ni òjò ń fọ̀ ọ́ wọlẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní Nisisioken Ogale, ìlú kan ní Ògóni, nítòsí ọ̀pá epo ìjọba, wọ́n bá epo tí a ti fọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìfọpo, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn kànga ń fà. Benzene, èròjà inú epo tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi tí àwọn ìdílé ń mu níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó ju ìlọ́po 900 èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1993 ni Shell ti dáwọ́ wíwa epo dúró ní Ògóni. Àwọn ọ̀pá ló ṣẹ́kù.

Ní ti sísè omi, ẹ má ṣe gbára lé e rárá. Kòkòrò àrùn ni iná ń pa. Benzene yóò bá ooru jáde, ẹni tó dúró ti ìkòkò ni yóò sì fà á símú. Álọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi sínú omi náà kò ràn án, ó kàn ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Bí omi bá sì mọ́ lójú, tí kò dán bí òṣùmàrè, benzene ṣì lè wà níbẹ̀.

UNEP ní àtúnṣe Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30. Lójú tiwa, kò tọ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga epo tuntun kankan níbẹ̀ kí gbogbo ìlú tí omi wọn ti bàjẹ́ tó rí omi tó dára mu nígbà gbogbo. Ní Ìlàjẹ tiyín, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ epo tuntun kankan, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ omi yín wò, kí ẹ sì tọ́jú èsì náà sọ́wọ́ ara yín, nítorí pé òun ni ẹ ó fi hàn bí omi náà ṣe rí kí wọ́n tó dé.