Ṣé mọ́tò olówó ńlá ló ń mú èèyàn wo fídíò orin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọrin, mo sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ya fídíò orin rẹ̀ tuntun, orin ìfẹ́ ni. Dáírẹ́kítọ̀ tá a bá sọ̀rọ̀ ní àfi ká háyà mọ́tò ńlá méjì, ká gba òtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ká wá ọmọge mẹ́fà, ká sì ní owó tútù tá a máa fọ́n lé wọn lórí. Ó ní láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí làwọn èèyàn fẹ́ràn nínú fídíò orin, kí ni wọn kì í fẹ́?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún onímọ́tò kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí ohun kan náà ni gbogbo àwọn tó ń wá bá mi ń sọ: mọ́tò, òtẹ́ẹ̀lì, ọmọge, owó. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó jọ láti orí ìtajà ni wọ́n ń ní kó lọ fi háyà Benz fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn dáírẹ́kítọ̀ kan sì wà tó ń gba ìdá tiwọn lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ onímọ́tò. N ò sọ pé tiyín wà lára wọn o, n ò mọ̀ ọ́n rí. Àmọ́ ẹ bi í pé kí ni mọ́tò ń wá nínú orin ìfẹ́ àbúrò yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Nínú fídíò jùjú àti fújì àtijọ́, tá a máa ń rà ní fọ́nrán VHS kí àwo VCD tó dé, ẹ máa rí ilé aláràbarà, ẹ máa rí mọ́tò tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ó bá a mu níbẹ̀. Olórin ń ki olówó kan, ó ń dárúkọ rẹ̀, ó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ìyá tó bí i. Ilé ẹni tó ń kì lẹ̀ ń wò yẹn. Ohun tí etí ń gbọ́ lojú ń rí. Àwọn tó wá lẹ́yìn gbé mọ́tò, wọ́n fi oríkì sílẹ̀. Wọ́n wá ń gbé Benz sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin tó ń sunkún pé ọmọbìnrin kan kọ òun torí òun ò lówó. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ń ṣe òun, àmọ́ kò ní gba olórin náà gbọ́ mọ́, á sì kọjá sórí fídíò mìíràn.

Ojú olórin lèèyàn ń wò. Lẹ́yìn ojú, ara tó ń jó. Lọ́dún 2008, Beyoncé gbé fídíò Single Ladies jáde: òun àti oníjó méjì péré, àwòrán dúdú àti funfun, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Òun ni MTV, ilé tẹlifíṣọ̀n orin l'Amẹ́ríkà, fún ní àmì ẹ̀yẹ fídíò ọdún náà lọ́dún 2009, tọmọdé tàgbà ló sì ń kọ́ ijó inú rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ olórin ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ OK Go jó lórí ẹ̀rọ ìsáré mẹ́jọ, irú èyí tó wà ní jíìmù. Kámẹ́rà dúró sójú kan, wọn ò gé àwòrán náà rárá, fídíò náà sì gba àmì ẹ̀yẹ orin Grammy lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ lè ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó dáa, ẹ wo Wo! tí Olamide gbé jáde lọ́dún 2017. Àárín àdúgbò l'Ékòó ni wọ́n ti yà á, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń jó, ìyẹn gan-an ló sì dùn mọ́ èèyàn. Sìgá ló dá wàhálà sílẹ̀: Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ìjọba àpapọ̀ sọ ní gbangba pé àwòrán sìgá inú rẹ̀ ta ko òfin tábà ti ọdún 2015. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí sìgá yọjú nínú tiyín.

Ẹ jẹ́ n dé ibi tí iṣẹ́ tèmi wà, torí ẹni tó ń gé fídíò ni mí. Ohun tí èèyàn kórìíra jù, tí wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀, ni kí ẹnu olórin má bá orin mu. Férémù ni à ń pe àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò. Lọ́dọ̀ wa níbí, 25 ló sábà máa ń wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sọ pé tí ohùn bá fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú àwòrán, èèyàn ti lè fura. Férémù kan jẹ́ ìdá 40 nínú 1,000 yẹn. Tí ohùn bá fi férémù méjì péré ṣáájú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, mọ́tò mẹ́wàá ò sì lè tún un ṣe. Ẹ gbé sípíkà ńlá wá lọ́jọ́ náà, kí àbúrò yín máa gbọ́ orin ketekete, kó sì kọ ọ́ sókè ní ti gidi. Ẹni tó kàn ń la ẹnu lásán, iṣan ọrùn rẹ̀ kì í yọ, ojú sì ń rí i.

Ohun kejì tó ń lé èèyàn ni eré oníṣe tí wọ́n ń fi ṣáájú orin. Ìpè fóònù, ìjà, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti inú mọ́tò, orin ò tíì bẹ̀rẹ̀. YouTube máa ń ya ìlà kan han ẹni tó ni fídíò, èyí tó ń fi ibi táwọn èèyàn ti ń kúrò hàn. Nínú àwọn tí wọ́n ti gbé fún mi wò, ibẹ̀ nìlà náà ti ń já wálẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀ kíá.

Ní ti owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọ́n, ẹ má dán an wò. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fídíò tẹ́ ẹ fowó yín yà ló sì máa jẹ́rìí lòdì sí yín. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ lọ bi wọ́n. N kì í ṣe dókítà náà, àmọ́ tí dáírẹ́kítọ̀ yín bá fẹ́ lo iná tó ń ṣẹ́jú wàìwàì, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ó lè dá wárápá sílẹ̀ fún àwọn kan.

Owó ọmọge mẹ́fà tó kàn máa dúró sẹ́bàá omi, ẹ fi san oníjó mẹ́ta àti ẹni tó máa kọ́ wọn, kí wọ́n ti dán ijó náà wò dáadáa kí ọjọ́ tó pé. Owó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi háyà iná àti pátákó funfun tó ń da ìmọ́lẹ̀ sójú èèyàn. Tí wọ́n bá ya aláwọ̀ dúdú lọ́sàn-án gangan láìsí i, ihò ojú á ṣókùnkùn, ojú yẹn sì ni mo ní èèyàn fẹ́ wò. Abẹ́òkúta lẹ wà, ẹ ní Olúmọ, ẹ ní àwọn òrùlé pánù tó ti pọ́n lọ súà. Ẹ kàn gba àṣẹ níbi tó bá yẹ. Ẹ fi àdìrẹ yín wọ̀ wọ́n, ó máa rẹwà. Àmọ́ ẹ yan èyí tí iṣẹ́ ara rẹ̀ tóbi, torí ìlà tín-ín-rín tó fún mọ́ra máa ń gbọ̀n rìrì nínú kámẹ́rà.

Kẹ́ ẹ tó gbé owó kankan kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí dáírẹ́kítọ̀ máa parí iṣẹ́, iye ìgbà tó máa tún un gé láìgba owó míì, àti pé gbogbo àwòrán tí wọ́n yà, títí kan èyí tí wọn ò lò, tiyín ni. Ìdajì ni kẹ́ ẹ san. Ẹ mú ìyókù dání títí tẹ́ ẹ máa fi wò ó lórí fóònù àti lórí tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ sì rí i pé ẹnu bá orin mu.