Ìbéèrè Òǹkàwé: Níbo Ni Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Ní Wáyà Ti Ń Rí Iná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Abbey Wood ni mò ń gbé ní Lọ́ndọ̀nù. Ní ibùdókọ̀ wa, wáyà wà lókè ojú irin Elizabeth line, ṣùgbọ́n kò sí wáyà lókè ojú irin kejì tó ń lọ sí London Bridge, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná ni wọ́n ní àwọn méjèèjì ń lò. Níbo ni èyí tí kò ní wáyà ti ń rí iná? Kí ló sì dé tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń gba ibẹ̀ fi máa ń kùn bí ẹni ń kọrin nígbà tí wọ́n bá ń gbéra?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ ni iná náà wà. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, ẹ ó rí irin kẹta tí wọ́n gbé lé orí àwọn ìdúró kéékèèké tí kì í jẹ́ kí iná ráyè wọ ilẹ̀. Iná 750 volt ni ó ń gbà á kọjá. Irin pẹlẹbẹ kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní bàtà, yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, òun ni ó ń yọ̀ lórí irin kẹta láti gba iná. Orí irin náà ṣí sílẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Bí fóònù bá bọ́ sójú irin, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un o; òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ni kí ẹ pè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí yé àwọn ọmọ yín dáadáa.

Ní 1925 àti 1926 ni ilé iṣẹ́ Southern Railway, tí Herbert Walker jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, fa irin kẹta yìí káàkiri agbègbè gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ndọ̀nù. Wọn kò nílò láti gbé afárá kankan sókè nítorí wáyà. Ṣùgbọ́n iná tí volt rẹ̀ kéré máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí náà àwọn ilé ẹ̀rọ tó ń pèsè rẹ̀ ní láti sún mọ́ra. Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 24 May 2022, ń lo 25,000 volt, èyí tí kò ṣeé fi sílẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi wà lókè.

Ní ti ohùn, àwọn ọkọ̀ tí ẹ ń sọ ni Class 465, tí wọ́n tún ń pè ní Networker. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992, 147 ni wọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní kóòṣì mẹ́rin. Apá kan ṣoṣo ni iná irin kẹta ń ṣàn sí, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni mọ́tò ọkọ̀ yìí ń fẹ́. Ìnfátà ni ó ń yí i padà, iṣẹ́ kan náà tí ìnfátà ilé ń fi iná bátìrì ṣe ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀ o: ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná ilé ń lọ tó ń bọ̀, kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí awakọ̀ ṣe ń fẹ́ eré. Láti ṣe èyí, ìnfátà ń já iná, ó ń so ó pọ̀, léraléra, débi pé irin àti wáyà inú mọ́tò ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà ni etí yín ń gbọ́. Bí ọ̀nà ìjáná ṣe ń yí padà bí eré ṣe ń pọ̀ ni ohùn náà ń ga, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń ga. Mo ka ọgbọ́n yìí sí ohun ìwúrí, nítorí mọ́tò irú èyí kò ní àwọn búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn ègé kékeré tí ń fara kan apá mọ́tò tó ń yí láti gbé iná wọ inú rẹ̀, tí ń jẹ tán bíi ti àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ ó tún kíyè sí i pé ohùn gbogbo wọn kò dọ́gba. Àwọn tí wọ́n ṣe ní York, tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4650 tàbí 4651, gba ìnfátà tuntun láti ọwọ́ Hitachi ní nǹkan bí ọdún 2010, ohùn wọn sì yàtọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ti Birmingham, 4652 àti 4659, kò sí lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ tiwọn.