Báwo ni màá ṣe jẹ́ káwọn ọmọ mi mọ màmá mi tó ti lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, Houston ni mò ń gbé. Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá, ìrántí ọdún kan wọn ti ń sún mọ́lé báyìí. Ọmọ ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé ni wọ́n, ṣé ẹ mọ irú àwọn tó jẹ́ pé òjò ìbáà rọ̀ wọn ò ní pa Máàsì àárọ̀ jẹ, CWO, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Àgùdà ni o, Lígíọ̀n, ìyẹn Legion of Mary ni o, ilé aláìsàn ni o. Orí fóònù làwọn ọmọ mi ti mọ̀ wọ́n jù, wọ́n mọ̀ pé gíráńmà máa ń gbàdúrà, ó parí. Ọkọ mi ní tiwọn, ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ń lọ, wọ́n ní a kì í gbàdúrà fún òkú, kò sí nínú Bíbélì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé sì ń pariwo aṣọ ẹbí àti màlúù. Èmi kàn fẹ́ káwọn ọmọ yìí mọ irú ẹni tí màmá mi jẹ́ ni, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfẹ́kù màmá o, àǹtí mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lèmi, Dublin ni mo wà, màmá tèmi náà ti lọ, bí ẹ sì ṣe ń ròyìn tiyín yẹn, àfi bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Ká tètè mú ti aṣọ ẹbí kúrò ńlẹ̀. Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pẹ̀lú àríyá, ẹ ò lè jókòó sí Houston kẹ́ ẹ borí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ fi ohun tágbára yín bá ká ránṣẹ́ kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Àmọ́ àríyá yẹn ò ní sọ nǹkan kan fáwọn ọmọ yín nípa gíráńmà, aṣọ ni wọ́n máa rí nínú fọ́tò.

Lójú tèmi, tẹ́ ẹ bá sọ fọ́mọdé pé ìyá àgbà ẹ̀ fẹ́ràn Ọlọ́run, á kàn mirí ni, á padà sídìí géèmù ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, ẹni tí wọ́n lọ kí, ohun tí wọ́n gbé dání lọ, ìyẹn ló máa dúró lórí ẹ̀.

Ẹ wo Lígíọ̀n tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn. Ìlú tí mò ń gbé yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, 7 September 1921, Frank Duff àtàwọn obìnrin díẹ̀ pàdé ní Myra House ní Francis Street, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ṣe ni pé kí wọ́n máa lọ kí àwọn obìnrin tó ń ṣàìsàn nílé ìwòsàn àwọn tálákà, méjì méjì. Ìgbà tí mo sọ fún ọmọ mi obìnrin pé ohun tí ìyá àgbà ẹ̀ ń ṣe kiri Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tó ń gbé yìí ló ti wá, ṣe ló la ojú sí mi, ó ní ṣé òótọ́ ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mítìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ère Màríà lórí tábìlì, rósárì, lẹ́yìn náà kálukú á ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n rán an, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin wọn sì ni pé Lígíọ̀n ò gbọ́dọ̀ pín owó tàbí oúnjẹ, ìbẹ̀wò ni tiwọn, ẹgbẹ́ St Vincent de Paul tó ń ran aláìní lọ́wọ́ ló ni ti owó àti oúnjẹ. Màmá mi mọ òfin yìí dáadáa o, wọ́n á lọ kí aláìsàn pẹ̀lú ẹnì kejì wọn, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bọ̀ wálé, tó bá dọjọ́ kejì wọ́n á tún gbé kúlà ẹ̀kọ gbígbóná padà síbẹ̀, wọ́n á ní "ti àná ni ti Lígíọ̀n, tòní tèmi ni." Èmi ò tíì rí ẹni tó ń pa òfin mọ́ tó tún ń rọ́nà gbà lábẹ́ ẹ̀ tó wọn.

Irú èyí ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ pe ààrẹ Lígíọ̀n tàbí ti CWO ní páríìṣì màmá, ẹ má bèèrè ìwé mínìtì o, torí ohun tí wọ́n bá gbọ́ nílé aláìsàn, àṣírí ni. Ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín wá àwọn tí màmá ń bẹ̀ wò, kí wọ́n gba ohùn wọn sórí WhatsApp, kíá ni o, torí àwọn yẹn náà ti ń dàgbà. Ẹ má sì bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni màmá, wọ́n á ní màmá ò lẹ́gbẹ́, ẹ mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ òkú. Ẹ bi wọ́n pé kí ni màmá sọ, kí ni wọ́n gbé wá, kí ló ń bí wọn nínú. Ti ìbínú yẹn ṣe pàtàkì, ta ló fẹ́ gíráńmà tó jẹ́ áńgẹ́lì? Ìyá kan ló ní màmá mi gbé òun bú torí òun ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ní òun ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, màmá ní "Ọlọ́run ti gbọ́, ó ní kó o lo oògùn ẹ." Ọmọkùnrin mi, tá a jọ ń fà á lórí oògùn ikọ́ fée ẹ̀, ìyẹn ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ó máa ń fi pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ sọ ti ìlú fún wọn díẹ̀ náà. 1969 ni wọ́n dá díósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde tó kó Rẹ́mọ mọ́ra sílẹ̀, Anthony Sanusi ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Irú ọjọ́ orí àwọn màmá wa, wọ́n ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti fi Látìn kọrin kí ìpàdé Vatican Kejì tó jẹ́ ká máa ṣe Máàsì ní Yorùbá.

Oúnjẹ ńkọ́? Fréjọ̀n ni tiwa ní Gúúdù Fúráídè, Èkó ni màmá mi ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tí bàbá ńlá wọn ti Brazil bọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi àgbọn sè é, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹja. Ìkòkò ńlá ni, torí ilé àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ló ń kọ́kọ́ lọ, àwọn náà ló ń gbé ẹran Iléyá wá, kó tó di Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta ẹran á ti sú wa. Mò ń sè é níbí, àgbọn inú agolo ni, kò dùn tó tilé. Àwọn ọmọ ló ń gbé e lọ fún bàbá kan tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá yẹn ò fẹ́ràn ẹ̀wà rárá, àmọ́ ó ń gbà á.

Ti ọkọ yín wàyí. Ẹ má bá wọn jà. Ibi tí àwa Àgùdà gbé àdúrà fún òkú lé nínú Bíbélì, Ìwé Mákábì Kejì orí 12 ni, ibi tí Júdásì Mákábì ti kó owó jọ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù fún ẹbọ nítorí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ tó kú. Bíbélì Kátólíìkì ní ìwé yẹn, ti ọkọ yín ò ní in, torí náà wọn ò parọ́ pé àwọn ò rí i nínú tàwọn. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ẹ gba Máàsì fún màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì ìtòsí yín, ọrẹ díẹ̀ náà ni, wọ́n á dárúkọ wọn. Tó bá wá di November, oṣù tá a fi ń rántí àwọn òkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé ìwé sílẹ̀ kí kálukú kọ orúkọ èèyàn ẹ̀ síbẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ti gíráńmà, orúkọ Yorùbá wọn pátá, kì í ṣe ti ìrìbọmi nìkan. Ọkọ yín lè tẹ̀ lé yín lọ jókòó, kò sẹ́ni tó máa fipá mú wọn gbàdúrà kankan. Ẹ tètè lọ bá fadá ṣá o, níbi tá a wà yìí, ọjọ́ Máàsì máa ń tètè kún, oṣù bíi mélòó kan ṣáájú la ti ń gbà á.