Ta ló dáná sun Cap-Français?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Brooklyn ní àwọn ará Háítì àdúgbò òun máa ń sọ̀rọ̀ ìlú èbúté kan tó dà bíi Párís láyé àtijọ́, tí àwọn ẹrú dáná sun lóru ọjọ́ kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé Yorùbá wà nínú wọn? Ṣé ìlú ọ̀hún ṣì wà? (Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: O ṣé, ọmọ mi. Cap-Français ni, Cap-Haïtien ni wọ́n ń pè é báyìí, lápá àríwá Háítì. Iná jó o lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kò sì rí bí wọ́n ṣe rò ó fún àbúrò rẹ.

Ní nǹkan bí 1789, èèyàn ibẹ̀ tó 15,000, ẹrú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tíátà tó gba 1,500 èèyàn wà níbẹ̀. Oko ìrèké tó yí ìlú ká ni owó fàájì yìí ti ń wá. Ní oṣù Kẹjọ 1791, àwọn ẹrú oko wọ̀nyẹn dìde, Boukman ṣáájú wọn. Wọ́n sun oko, wọ́n sun ilé ìfúnrèké, ṣùgbọ́n ìlú kò ṣeé wọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Boukman ní oṣù Kọkànlá, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sí gbangba ìlú.

Iná tó jó ìlú gan-an, ìjà òyìnbó pẹ̀lú òyìnbó ló bí i. Faransé ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà. Gómìnà tuntun, Galbaud, dé láti Faransé ní oṣù Karùn-ún 1793. Àwọn kọmíṣánnà méjì tí Párís rán, Sonthonax àti Polverel, ní kò lè ṣe gómìnà, torí ó jogún oko kọfí nílẹ̀ náà, òfin sì kọ̀ ọ́. (Oko kọfí o!) Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi létí èbúté pé kó máa lọ sílé. Àwọn atukọ̀ tó kún èbúté náà sì ti ń bínú sáwọn kọmíṣánnà tẹ́lẹ̀. Ní 20 oṣù Kẹfà, Galbaud kó wọn sọ̀kalẹ̀, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ìgboro. Nígbà tí apá àwọn kọmíṣánnà kò ká a mọ́, wọ́n kéde pé ẹrú tó bá gbè sẹ́yìn àwọn ti di òmìnira. Ni Pierrot, olórí àwọn ẹrú kan tó ń jà lẹ́yìn ìlú, bá kó àwọn jagunjagun rẹ̀ wọ ìlú. Iná ṣẹ́ yọ nínú ìjà náà, ó sì jó ìlú. Galbaud sá lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ọkọ̀ lọ sí Norfolk àti Baltimore. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé kó jẹ mọ́: ní 29 oṣù Kẹjọ, Sonthonax dá gbogbo ẹrú apá àríwá sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti 1802. Napoléon, olórí Faransé, rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, pé kó wá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Toussaint Louverture, adúláwọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀ nígbà náà. Henri Christophe, ọ̀gágun Toussaint, ló ń ṣọ́ ìlú. Àwọn aṣáájú ìlú bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má dáná sun ún, kò gbà. Ní 4 oṣù Kejì, wọ́n ní ilé tirẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ti iná bọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹrú tí inú ń bí. Ọ̀gágun tí kò fẹ́ kí ọ̀tá rí òrùlé sùn sí ni.

Yorùbá wà níbẹ̀. Nagó ni wọ́n ń pè wọ́n, títí dòní ọ̀wọ́ àwọn òrìṣà kan ń jẹ́ Nago nínú Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Háítì, Ogou, ìyẹn Ògún wa, sì ni aṣáájú wọn. Àmọ́ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ẹ́ pé àwa la ja ogun náà. Ará Kongo pọ̀ jù wá lọ níbẹ̀. Macaya, tó bá Pierrot wọ ìlú, sọ nígbà tó yá pé ọba mẹ́ta lòun ń sìn: ti Kongo, ti Faransé, ti Spéìn.

Ìlú ṣì wà dáadáa. Àmọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ 7 oṣù Karùn-ún 1842 wó o, nítorí náà kí àbúrò rẹ má retí ilé ayé Galbaud. Kó lọ sí Milot, kó gun òkè lọ wo odi ńlá tí Christophe kọ́. Kó wọ bàtà gidi. Òkè náà ga.