Passion fruit tó ń rúwé tí kò so

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ṣágámù. Ẹ ní passion fruit aláwọ̀ yẹ́lò yín ti bo fẹ́ǹsì, ewé ṣáá ló ń rú, òdòdó díẹ̀ tó sì yọ ń já bọ́ láìso.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ń dà sí i lóṣooṣù yẹn, ẹ dá a dúró ná. Ewé nìkan ló ń mú kó máa rú. Ẹ gé ẹ̀ka tó wà lábẹ́ ibòji kúrò, torí orí ẹ̀ka tuntun tó rí oòrùn ni òdòdó ti ń yọ.

Ṣùgbọ́n ti jíjábọ́ yẹn gan-an ni kókó. Oníyẹ́lò kì í sábà gba ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀, ti igi mìíràn ló ń fẹ́. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà ṣì ni! Ẹ wá ẹni tó ní in ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ tọrọ ẹ̀ka, tàbí kí ẹ gbin kóró.

Ọ̀sán ni òdòdó náà ń là, bó bá ti padé lálẹ́, ó parí. Oyin dúdú ńlá tó ń lu igi gbígbẹ ló mọ iṣẹ́ gbígbé ìyẹ̀fun láti igi dé igi jù, nítorí náà ẹ má fín oògùn kòkòrò lásìkò yẹn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi òwú gbé ìyẹ̀fun láti ara igi kan sí èkejì, lọ́jọ́ tí òjò kò ṣú.

Èso tó pọ́n tó sì já fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú fún kóró. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi ibòji, kí ẹ sì tètè gbìn ín.