Ṣé inú orúkọ Ọ̀fà ni "òòfà" ti jáde?

Ìyá kan ní Ọ̀fà ló bèèrè. Ọmọ wọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama sọ fún wọn pé wáyà tí iná ń gbà kọjá ní òòfà. Wọ́n ní bàbà ni wáyà, òòfà kì í sì í gbé bàbà, báwo ló ṣe wá jẹ́? Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ ìlú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ti orúkọ kò gùn. "Fà" ló bí òòfà, ohun tí ń fa nǹkan mọ́ra. Ọfà tí à ń fi ọrun ta ni àwọn àgbà ń so orúkọ Ọ̀fà mọ́, torí tafàtafà ni wọ́n pe Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan tó tẹ ìlú náà dó. Ohùn wọn jọra, orírun wọn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà gan-an ló dùn mọ́ mi. Òtítọ́ lọmọ yín sọ. Mo ní kọ́ńpáàsì kékeré tí mo fi ń wá kíbúlà níbí ní Ìlọrin. Mo gbé e sórí tábìlì, mo na wáyà kan lókè abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti àríwá sí gúúsù, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 síra wọn. Mo so wáyà náà mọ́ bátìrì ọkọ̀ tí mo gbé jìnnà, àti gílóòbù iwájú ọkọ̀ tó ń mu ampere 5 (ampere ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Bí gílóòbù ṣe tàn báyìí, abẹ́rẹ́ fi àríwá sílẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pa iná, ó padà. Mo pààrọ̀ ẹnu bátìrì, ó ya sí òdìkejì. Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hans Christian Ørsted rí ní Dẹ́nímáàkì lọ́dún 1820 nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún wáyà gígùn tó nà tààrà, ẹ sọ iye ampere di ìlọ́po 20, kí ẹ pín in fún iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín. 20 lọ́nà 5 jẹ́ 100. Ẹ fi 2.5 pín in, ó di 40 microtesla, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí òòfà ṣe le tó. Òòfà ayé tó ń darí abẹ́rẹ́ sí àríwá lé díẹ̀ ní 30 lágbègbè wa. Ẹ rí i pé wáyà ló borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ́ wáyà àlọ àti àbọ̀ pọ̀ mọ́ra, abẹ́rẹ́ kò mira mọ́: èyí ń lọ, ìyẹn ń bọ̀, wọ́n pa ara wọn.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni orúkọ "òòfà" sọ. Ampère ará Faransé fi hàn lọ́dún 1820 yẹn kan náà pé wáyà méjì tí iná wọn ń ṣàn sí ibì kan náà ń fa ara wọn, àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣàn lódìkejì, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Ampere 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 2.5 láàárín wọn: agbára tó wà lórí mítà kan jẹ́ 0.0002 newton, bí ìwúwo hóró ìrẹsì kan. Ìdí tí ẹni tó ń tún fáànù ṣe fi ń wé wáyà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà mọ́ irin nìyẹn, kí kékeré lè di ńlá. Tó bá ka iye rẹ̀ ṣì, fáànù kò ní yí dáadáa.

Ṣáàjì ni ohun kéékèèké tó ń rìn nínú wáyà tí a ń pè ní iná. Èyí tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò mọ̀ pé òòfà wà. Ìgbà tó bá ń sáré ni agbára yìí tó mú un, iye ṣáàjì lọ́nà eré rẹ̀ lọ́nà òòfà, tó bá dábùú òòfà náà. Kò sì ní tì í síwájú, kò ní fà á sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń bì í sí, eré rẹ̀ kò dín, kò lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kì pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ mọ ẹni tí wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí eré.

Kí ọmọ yín fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti gílóòbù kékeré dán an wò, kó má fọwọ́ kan iná NẸ́PÀ. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀ ní 50 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, abẹ́rẹ́ kò lè bá a. Kó sún wáyà mọ́ abẹ́rẹ́ dáadáa. Kó ṣe bíi pé òun fi ọwọ́ ọ̀tún di wáyà mú, kí àtàǹpàkò kọjú síbi tí iná ń lọ: ibi tí àwọn ìka yòókù ká sí ni òòfà ń yí sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni o, mà.